Ẹ Má Ṣe Dí Ẹnu Ihò Olófòófó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oríkì, kì í ṣe ti orúkọ àbísọ, kì í sì í ṣe ti ètò ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ irin ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ àṣà nínú iṣẹ́ wẹ́dà. Èsì wa ni pé àṣà Yorùbá ni kí ẹni tó wà lókè òkun máa fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Bí nǹkan tí a fi ránṣẹ́ bá wá di ohun tó pa ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, ṣé oore la ṣe àbí ìkà? Ìdí nìyí tí a fi ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, a ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àríyànjiyàn náà bẹ̀rẹ̀ láàárín wa ní Beam Park níhìn-ín. Ọ̀kan nínú wa ra táǹkì kọ̀ǹprẹ́sọ̀ kan lọ́wọ́ onígaréèjì kan tó ń kógbá sílé. Táǹkì náà gba lítà 500. Ó fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹténà tó ń gba Tilbury lọ sí Èkó, kí wọ́n gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ fún àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe fọkanáísà. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ti gé ẹnu tuntun sí i lára, ó jó páìpù tó tóbi mọ́ ọn, ó sì jó àwo irin roboto kan yí ẹsẹ̀ páìpù náà ká. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ní iṣẹ́ náà mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa, tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò irin, ló bẹ̀rẹ̀, tó fi ìka wá ara àwo irin náà, tó sì béèrè pé, “Ihò rẹ̀ dà?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ihò wo lèèyàn tún ń wá lára táǹkì tí kò yẹ kó jò? Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ wo télọ̀ tó ń rán bùbá. Nígbà tó bá ti gé ọrùn aṣọ, ó mọ̀ pé ibi tí òun gé yẹn ti di ibi tó rọrùn jù láti ya. Nítorí náà ni ó ṣe ń rán aṣọ mìíràn mọ́ ọn yí ọrùn ká kó tó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táǹkì rí. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ń ti ara irin náà sóde nígbà gbogbo. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 10 bar, ìwúwo tó ń ti ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tó nǹkan bí 1,000 kìlógíráàmù. Irin tó yí táǹkì ká ló para pọ̀ ń gbé ẹrù yìí. Bí a bá wá gé ihò sí i lára láti fi ẹnu páìpù sí, a ti mú lára àwọn tó ń gbé ẹrù kúrò nìyẹn, ẹrù wọn sì ti bọ́ sọ́rùn irin tó ṣẹ́kù létí ihò náà. Àwo irin tí a jó yí ẹsẹ̀ páìpù ká ló ń ran etí ihò yẹn lọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní páàdì. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló nílò rẹ̀. Bí ẹnu bá kéré, tí irin sì nípọn, ó lè dá ara rẹ̀ gbé. Ìṣirò ló ń sọ èyí tó nílò rẹ̀, kì í ṣe ojú lásán.

Ṣùgbọ́n páàdì ní àléébù tirẹ̀: ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ojú àjórin tó so páìpù mọ́ ara táǹkì gan-an ti wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò sì lè tó o láti òde mọ́. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe máa ń lu ihò kékeré kan sí ara páàdì. Òyìnbó fún ihò náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí olófòófó, ó sì yẹ ẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Nígbà tí wẹ́dà bá ń jó irin, afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ páàdì máa ń gbóná, ó máa ń fẹ̀. Ihò yìí ló ń bá jáde, kó má baà fọ́ ojú àjórin. Ìkejì, ihò yìí la fi ń dán ojú àjórin wò. Ìkẹta, bí táǹkì bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ojú àjórin inú bá ya, inú ihò yìí ni ohun tó wà nínú táǹkì yóò gbà yọ síta. Yóò sùn pẹ̀ẹ́, yóò kùn, ẹni tó wà nítòsí yóò gbọ́, yóò sì pa ẹ̀rọ. Olófòófó tó ń gba ẹ̀mí là ni.

Wẹ́dà tó ṣiṣẹ́ lára táǹkì tí a ń sọ yìí ti jó irin dí ihò náà, ó sì ti kùn ún. Bóyá ó rò pé àbùkù ni. Bóyá oníbàárà rẹ̀ ló ní kó dí i kó lè lẹ́wà. Ẹni wa ṣí i padà. Ó so ọ̀pá afẹ́fẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú géèjì, ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí abẹ́ páàdì, kò tó 1 bar, ó sì ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà pa. Ó wá po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí páàdì yí po àti ẹsẹ̀ páìpù. Kò sí ìfófó kankan. Àwọn tó ń wòran ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó nawọ́ sí géèjì: abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń bá ibì kan lọ. Ó ní kí gbogbo wa dákẹ́, ó gbé etí sí ẹnu táǹkì. A gbọ́ ọ, ṣíì, bí ejò nínú ewé gbígbẹ. Ojú àjórin inú, èyí tí páàdì bò mọ́lẹ̀, ti ya. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn nínípọn irin náà, ìsàlẹ̀ táǹkì níbi tí omi máa ń dúró sí ti dípẹtà, ó ti fẹ́lẹ́. Kò sí àtúnṣe mọ́. A gé táǹkì náà wẹ́wẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ kò ní gbàgbọ́ pé wọ́n bínú sí wa. Ẹni tó ni táǹkì ní a ba òun lówó jẹ́. Àwọn mìíràn ní oyinbo ló ti kó sí wa lórí, pé bí ó bá jẹ́ ilé ni, táǹkì náà ì bá ti máa fẹ́ taya. Àwọn àwáwí tí wọ́n kó jọ ni a fẹ́ dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí a ti gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kò sì fẹ́ gbọ́ wọn mọ́.

Àwáwí kìíní ni pé, “Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún yìí wá, kò sì ṣe nǹkan kan.” Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Romeoville ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà. Ilé ìfọpo kan wà níbẹ̀ tó ní táǹkì gíga kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970. Ní 1974 wọ́n gé apá kan kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ọdún mẹ́wàá ni táǹkì náà fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àjórin yẹn, irin ti ń sán díẹ̀díẹ̀ láti inú, níbi tí ojú kò tó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1984, òṣìṣẹ́ kan rí i tó ń jò. Kó tó di pé wọ́n lè ti fáàfù pa, ó ya, ó bú gbàmù, apá òkè rẹ̀ sì fò lọ já sí nǹkan bí kìlómítà kan sí ibẹ̀. Ènìyàn 17 ló kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ panápaná tó wá gbani là. “Kò tíì ṣe nǹkan kan” kì í ṣe ẹ̀rí pé irin gbó. Ọjọ́ tí ó bá máa ṣe é ni ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ tún wo St. Louis, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2017. Táǹkì omi gbígbóná kan nílé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ti jò ní 2012. Wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n jó tuntun sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú irin àtijọ́ tó ti fẹ́lẹ́ yí ìdí náà ká. Irin tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló ya lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún. Táǹkì náà fò gba òrùlé jáde, ó sì já wọ òrùlé ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹni mẹ́rin ló kú, mẹ́ta nínú wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ibi tí táǹkì náà wà rárá. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ jó ohun tuntun mọ́ ara táǹkì àtijọ́ fi gbọdọ̀ kọ́kọ́ wọn ìnípọn irin tó fẹ́ jó o mọ́. A kì í fi aṣọ tuntun lẹ àkísà, ká máa retí pé kí àkísà má ya.

Àwáwí kejì ni pé, “Àyẹ̀wò wọ́n.” Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò páàdì tí a sọ yìí kò nílò ju afẹ́fẹ́ díẹ̀, géèjì, ọṣẹ àti omi, àti ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ṣùgbọ́n a ní láti kìlọ̀ níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ wa tán kó lọ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Afẹ́fẹ́ tí a ń fi sábẹ́ páàdì gbọdọ̀ kéré. Fún àwọn táǹkì epo ńlá, ìwé òfin API 650 ní kó má ju 100 kPa lọ, ìyẹn 1 bar. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè tẹ ara táǹkì wọnú. Ohun kejì ni pé jíjò nìkan ni àyẹ̀wò yìí ń wá. Kò sọ fún wa bóyá táǹkì lè gbé gbogbo agbára tí a fẹ́ fi sí i. Ìyẹn ní àyẹ̀wò tirẹ̀, omi la sì sábà máa ń fi ṣe é: a ó rọ omi kún táǹkì dẹ́nu, a ó lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, a ó sì ti omi náà kọjá agbára tí táǹkì yóò máa fi ṣiṣẹ́, níwọ̀n tí ìwé òfin bá sọ.

Kí ló dé tó jẹ́ omi, tí kì í ṣe afẹ́fẹ́? Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀ bíi tìmùtìmù, omi kò sì ṣe é fún bẹ́ẹ̀. Táǹkì lítà 500 tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ní 10 bar ní agbára tó tó láti gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wúwo tó 1,000 kìlógíráàmù sókè ju 60 mítà lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ omi ló kún un ní 10 bar kan náà, agbára inú omi náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún èyí. Bí irin bá ya nígbà tí omi wà nínú rẹ̀, omi á dà sílẹ̀. Bí ó bá ya nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, òkú lè sùn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi afẹ́fẹ́ dán agbára táǹkì wò lẹ́yìnkùlé òun, ẹ sá fún un, ẹ kó àwọn ọmọ yín sá pẹ̀lú.

Àwáwí kẹta ló dùn wá jù: “Wàhálà oyinbo ni.” Ṣé oyinbo bí òfin yìí mọ́ra ni? Ní àdúgbò wa níhìn-ín, ní Barking, bọ́ílà kan bú ní ilé iṣẹ́ Hewett ní oṣù Kìíní 1899, ènìyàn mẹ́wàá sì kú. Ní Brockton, Massachusetts, bọ́ílà ilé iṣẹ́ bàtà kan bú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1905, ènìyàn 58 ló bá a lọ. Lẹ́yìn òkú wọ̀nyẹn ni Massachusetts ṣe òfin bọ́ílà tirẹ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà, ASME, sì jókòó kọ ìwé òfin tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ti 1914, èyí tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Òkú wọn ni wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ṣé àwa náà gbọ́dọ̀ kó òkú tiwa jọ kí a tó gbọ́n ni?

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfin oyinbo nìkan. Òfin Factories Act ti Nàìjíríà náà ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ bọ́ílà àti táǹkì afẹ́fẹ́ wò. Bí a bá tilẹ̀ gbé òfin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ rántí àwọn ìyá wa. Èwo nínú wọn ló ń ra ìkòkò lọ́jà láìfi ìka lù ú, kó gbé etí sí i, kó gbọ́ bóyá ó sán? Ta ló ń bu ọbẹ̀ sínú ìkòkò tuntun láìkọ́kọ́ pọn omi sí i wò? Àyẹ̀wò tí a ń wí yìí kò ju ti ìyá alọ́bẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pè é ní wàhálà oyinbo ti gbàgbé ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

Àwáwí kẹrin ni, “Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni.” Àmín. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ni náà ló fún wa ní etí láti gbọ́ ṣíì, àwa la sì ń fi irin dí ihò tí ohùn yẹn ì bá gbà jáde.

Ohun tó tilẹ̀ ń bí wa nínú jù ni pé, nílùú tí a wà yìí, a kì í gbà fún ẹnikẹ́ni láti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí wa. Ilẹ̀ tí ilé Beam Park dúró lé jẹ́ apá kan ilẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dagenham ní 1931, tí wọ́n sì dẹ́kun àtijọ mọ́tò níbẹ̀ ní 2002. Ká ní ẹnì kan fẹ́ gbé táǹkì tí kò níwèé sí ìsàlẹ̀ ilé tí àwọn ọmọ wa ń gbé lónìí, a ó ti kọ lẹ́tà sí kánsù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Òfin Pressure Systems Safety Regulations ti ọdún 2000 wà lẹ́yìn wa. Ó ní kí táǹkì afẹ́fẹ́ tó bá tó ìwọ̀n kan ní ìwé ètò àyẹ̀wò tí ọ̀mọ̀ràn fọwọ́ sí, kí àtúnṣe kankan má sì sọ ọ́ di ewu. Ó tún ní kí ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ kó àwọn ìwé rẹ̀ fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹprẹ́sọ̀ kékeré onílítà 24 tí ẹ fi ń fẹ́ taya kẹ̀kẹ́ ọmọ yín nílé kò tó èyí tí òfin ní kó ní ìwé ètò. Ṣùgbọ́n táǹkì lítà 500 ní 10 bar ti kọjá rẹ̀ ní ìlọ́po ogún. Ẹ̀tọ́ tí a ń béèrè fún ara wa ní Dagenham, kí ló dé tí a kò béèrè rẹ̀ fún àbúrò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ẹ̀mí tiwọn ni tòkunbọ̀?

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ẹ̀bi àwọn tó ń tà á ni. Òótọ́ ni pé ẹni tó dí ihò, tó kun ún lọ́dà, tó sì tà á, jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta nǹkan kò mọ àbúrò wa. Àwa la mọ̀ ọ́n. Àwa la mọ ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń jókòó sórí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹprẹ́sọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ó bá bú, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bá. Àwa la ó sì fi owó ìsìnkú ránṣẹ́, nínú àpò kan náà tí a kò fẹ́ mú owó àyẹ̀wò jáde.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìdílé tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kò ju mẹ́rin lọ. Ẹ má ra táǹkì afẹ́fẹ́ tàbí bọ́ílà tí kò ní àwo ìdánimọ̀ àti ìwé, ì báà ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá rí páàdì yí ẹnu táǹkì ká, ẹ wá ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi irin dí i, ẹ béèrè ẹni tó dí i àti ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì san kọ́bọ̀ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi ṣí i, tí yóò sì dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ jó ẹnu tuntun mọ́ táǹkì àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà ṣe ìṣirò rẹ̀, kí wọ́n wọn irin náà, kí wẹ́dà tó ní ìwé ẹ̀rí ṣe é, kí wọ́n dán páàdì wò, kí wọ́n sì dán gbogbo táǹkì wò kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìkẹrin, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ sí, lédè Yorùbá tó yé e, pé kó má ṣe dí ihò yẹn láéláé. Bí ó bá fẹ́ kí ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́, kó fi gíríìsì bò ó. Gíríìsì kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Irin ló ń dá a dúró, ìyẹn gan-an ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹni wa tó ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ yẹn kò gba kọ́bọ̀. Èébú ni wọ́n fi san án. A ń fi ìwé yìí bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Ẹni tó ni táǹkì náà, a kò dárúkọ rẹ̀, òun náà jẹ́ ará wa, a sì mọ̀ pé owó tó sọnù dùn ún. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń fẹ́ taya. Ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó láti bá a ra táǹkì mìíràn, èyí tó níwèé. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó rí akápò lọ́jọ́ ìpàdé.

Lọ́dọ̀ ènìyàn, olófòófó kò níyì. Lára táǹkì, kò sí ọ̀rẹ́ tó dà bí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ohun tó rí.